Obì Gbàǹja: Orúkọ Rẹ̀, Ìrìn Rẹ̀ àti Agbára Rẹ̀

Ní Ṣómólú, ìlú àwọn atẹ̀wé, àti ní àwọn ibùdókọ̀ Bàrígà, obì gbàǹja kì í wọ́n lórí àtẹ. Awakọ̀ ń jẹ ẹ́, ọlọ́dẹ ń jẹ ẹ́, kí oorun má baà kùn wọ́n.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ kíyèsí orúkọ náà. Obì àbàtà, aláwẹ́ mẹ́rin, ni àwọn baba wa fi ń bọ òrìṣà. Gbàǹja, aláwẹ́ méjì, àlejò ni. Orúkọ rẹ̀ wá láti Gonja, ní àríwá Gánà òde òní. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ojú omi ń kó o wá sí Èkó, àwọn oníṣòwò Hausa sì ń gbé e lọ sókè Ọya. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbẹ̀ Agége gbìn ín, rélùwéè tó so Èkó mọ́ Kánò ní 1912 sì sọ ọ́ di ọrọ̀.

Kaféènì ni agbára rẹ̀. Bí a ti ń ṣiṣẹ́, èròjà kan tí ń jẹ́ adenosine a máa kó jọ sínú ọpọlọ, òun ní í pe oorun. Kaféènì a dí ọ̀nà mọ́ ọn: ojú a dá, ara a yá, ebi a rọlẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, àyà a máa lù kìkì, ọwọ́ a máa gbọ̀n, ọkàn kò sì ní balẹ̀.

Obì kò san gbèsè oorun. Ó kàn ń sún ọjọ́ ìsanwó síwájú ni. Kí awakọ̀ má jẹ́ kí ara sin gbèsè náà lórí eré.