Kíjìpá, Òfì àti Àdìrẹ Ẹ̀gbá

Kí aṣọ òyìnbó tó pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, òwú tí a fi ọwọ́ ran ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bo ara. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń hun kíjìpá lórí òfì tí a gbé nàró ti ògiri ilé. Kíjìpá fẹ̀, ó nípọn, ó sì lálòpẹ́. Ẹ̀gún oko kì í tètè fà á ya. Ṣùgbọ́n ó wúwo, bí òjò bá sì pa á, ó máa ń pẹ́ kí ó tó gbẹ. Aṣọ iṣẹ́ àti aṣọ ìbora ni wọ́n kà á sí, kì í ṣe aṣọ ìmúròde.

Òfì tí àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin ń hun yàtọ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, bí ìnṣì mẹ́rin ní ìbú, kí wọ́n tó rán an pọ̀. Aró ni ó fún ẹtù ní dúdú rẹ̀; àlàárì pupa; ti sányán ni ó ṣàrà ọ̀tọ̀, nítorí inú ilé tí kòkòrò igbó kọ́ fún ara rẹ̀ ni a ti ń rí òwú rẹ̀. Àwọn àgbà kò ṣèèṣì pè é ní baba aṣọ. A kò rẹ ẹ́ láró rárá, nítorí náà kò sí aró tí yóò yọ lára rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wọ agbádá sányán ní ọ̀sán gangan nínú oṣù Èrèlé yóò sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ní Abẹ́òkúta, tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó ní 1830, òwò pàtàkì ni aró jẹ́ fún àwọn obìnrin. Wọn a gún ewé èlú, wọn a ṣù ú, wọn a sá a gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọn a rẹ ẹ́ sínú omi eérú tí a sẹ́, yóò sì wà nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú aró, ó máa ń dà bí ewé tútù. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di dúdú.

Ohun tí aṣọ funfun láti Manchester ní tí kíjìpá kò ní ni ojú tí ó tẹ́jú. Bí a bá fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí kíjìpá, ilà rẹ̀ yóò fọ́. Lórí aṣọ òyìnbó, ilà náà a dúró gbọnrangandan. Bí àdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe gbilẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901, ọjà sì fẹ̀ sí i. Láàrin 1920 sí 1929, àwọn oníṣòwò ń ti Senegal àti Gold Coast, tí ó di Gánà, wá ra àdìrẹ.

Ṣùgbọ́n aṣọ náà fẹ́lẹ́. Nígbà tí àwọn aláró bẹ̀rẹ̀ sí í fi sódà líle tí a fi ń se ọṣẹ rọ́pò omi eérú, tí wọ́n sì ń fi aró òyìnbó kún èlú, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ di kíákíá. Bí sódà bá pọ̀ jù, aṣọ fẹ́lẹ́ náà a gbó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé aró ń yọ. Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin de sódà àti aró òyìnbó; àwọn aláró fárígá, títí ìgbìmọ̀ ìwádìí fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1936. Kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru sódà, nítorí ọ̀dá owó tí ó kárí ayé ní àkókò náà ti dín ọwọ́ àwọn oníbàárà kù. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí wọ́n ń sẹ́ omi eérú bí ti àtijọ́ kò rí ọ̀nà tí wọn yóò fi ya aṣọ tiwọn sọ́tọ̀ lójú ẹni tí ó ń rà. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́ lọ́jà.

Ní ọjà Ìtòkú lónìí, sódà àti aró òyìnbó ni ọ̀pọ̀ aláró ń lò. Àwọn tí ó mọ aṣọ rà ṣì máa ń fi omi pa ìka, wọn a fi ra etí aṣọ, wọn a sì wo ìka náà kí wọ́n tó sanwó.