Ọgbà Swan ti Abbotsbury: Ìtàn Ìṣẹ̀dálẹ̀ Rẹ̀

‘Swannery’ ni orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún ibi tí wọ́n ti ń sin swan, ìyẹn ẹyẹ omi ńlá kan, funfun, ọlọ́rùn gígùn, tó bá pẹ́pẹ́yẹ tan ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ fíìfíì. Ọ̀rọ̀ náà ṣọ̀wọ́n lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, nítorí pé ibi tí a lè fi í pè kò pọ̀. Bí wọ́n bá sì dárúkọ rẹ̀ lónìí, Abbotsbury, abúlé kan ní Dorset ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọkàn olùgbọ́ sábà máa ń lọ. Irú ọgbà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àgò, nítorí pé àwọn ẹyẹ ibẹ̀ lè fò lọ nígbà tó bá wù wọ́n. Omi tí ẹyẹ fúnra rẹ̀ yàn láti máa yé sí ni, pẹ̀lú ẹni tí òfin gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tó bá yé síbẹ̀.

Ọ̀sà kan tó ń jẹ́ Fleet ni omi ti Abbotsbury. Ó gùn tó kìlómítà 13, òkìtì gbọọrọ ti òkúta wẹ́wẹ́ tí ìgbì òkun kó jọ, tí wọ́n ń pè ní Chesil Beach, ló sì wà láàárín rẹ̀ àti òkun. Ọ̀sà yìí kò jìn, koríko abẹ́ omi tí swan fẹ́ràn láti máa jẹ sì ń hù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìféefé, ìyẹn koríko gíga etí omi, wà níbẹ̀ fún ìtẹ́.

Orc, ìránṣẹ́ Cnut, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Tola aya rẹ̀ ni wọ́n dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ ní Abbotsbury ní ọ̀rúndún kọkànlá. Mọ́ńkì ni àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn Kírísítì tó jẹ́jẹ̀ẹ́ àìgbéyàwó, tí wọ́n sì ń gbé pọ̀ lábẹ́ ìlànà kan náà. Ọdún 1393 ni àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ lórí swan ibẹ̀. Ó lè ya ẹni tó ń ya fọ́tò wọn lónìí lẹ́nu pé torí jíjẹ ni àwọn mọ́ńkì ṣe ń sìn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹran àsè àwọn ọlọ́lá ni ọmọ swan jẹ́ nígbà náà. Àní ní ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí wọ́n ń pè ní Great Hospital ṣe kòtò omi kan ní 1793 kìkì láti máa bọ́ ọmọ swan kí wọ́n sanra kí wọ́n tó pa wọ́n.

Ohun àsè báyìí kò lè wà láìlófin. Ẹyẹ ọba ni wọ́n ka swan sí, èyí tí kò bá sì ní àmì, tó ń wẹ̀ lórí odò gbogbogbòò, ti ọba ni. Ẹni tó bá fẹ́ ní tirẹ̀ ní láti gba àṣẹ, kí ó sì gé àmì sí àgógó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọlọ́sìn ṣe ń gé etí ewúrẹ́. Òfin ọdún 1482 sì ka àmì yìí léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá mú iye owó kan wọlé lọ́dún, tó fi hàn gbangba pé wọn kò fẹ́ kí mẹ̀kúnnù bá wọn dá sí i.

Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ tú ilé àwọn mọ́ńkì náà ká ní 1539, Giles Strangways ra ohun ìní wọn, ìdílé rẹ̀, tó wá di ti àwọn Ilchester, ló sì ni ibẹ̀ títí di òní. Àríyànjiyàn lórí àwọn ẹyẹ ọ̀sà yìí dé ilé ẹjọ́ ní 1592, ní ìgbà Ọbabìnrin Elizabeth, amòfin Edward Coke sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ‘Ẹjọ́ Àwọn Swan’. Ìlànà kan nínú rẹ̀ yẹ fún àkíyèsí: nínú ẹran ọ̀sìn yòókù, ẹni tó ni ìyá ló ni ọmọ, ṣùgbọ́n nínú swan, ẹni tó ni akọ àti ẹni tó ni abo ni yóò pín ọmọ dọ́gba, nítorí pé akọ kan kì í ní ju abo kan lọ.

Ọgbà náà ti rí ìjì àti ogun. Ní oṣù kọkànlá 1824, òkun ré kọjá òkìtì òkúta náà, ó sì wó ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan létí ọ̀sà. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, orí ọ̀sà náà ni wọ́n ti dán àdó olóró tí ẹnjiníà Barnes Wallis ṣe wò, èyí tó ń ta lórí omi. Síbẹ̀ àwọn ẹyẹ náà ṣì ń padà wá. Àwọn swan a máa lé ara wọn jìnnà nígbà ìyé, ṣùgbọ́n ní Abbotsbury ìtẹ́ wọn súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi lè rìn láàárín wọn. Abo a sàba lórí ẹyin fún nǹkan bí ọjọ́ 35, àwọn ọmọ a sì pa láti àárín oṣù karùn-ún. Ní ọdún méjì-méjì, ní oṣù keje, nígbà tí ìyẹ́ wọn ti re tí wọn kò lè fò, àwọn olùtọ́jú a fi ọkọ̀ kéékèèké da gbogbo agbo náà jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n sì fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀.

Kò sí ẹni tó ń jẹ wọ́n mọ́. Ẹ̀tọ́ nìkan ló kù: yàtọ̀ sí ọba, ìdílé Ilchester àti ẹgbẹ́ méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, ti àwọn oníṣòwò wáìnì àti ti àwọn aláró, ni wọ́n ṣì ń ní swan lábẹ́ àṣà àtijọ́ náà.