Ìbò tó mú Mátíà

Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kìíní. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ẹlòmíràn rọ́pò Júdásì, ènìyàn méjì ni wọ́n gbé síwájú Ọlọ́run, ìbò sì bọ́ sórí Mátíà. Kì í ṣe ìbò onítẹ̀ka tiwa yìí o. Kèké ni wọ́n ṣẹ́. Ohun tí "dìbò" jẹ́ lẹ́nu àwọn baba wa náà nìyẹn, kí òṣèlú tó gbà á.

Àwọn ará Áténì nílẹ̀ Gíríìsì ti ń ṣe é ṣáájú. Ènìyàn 500 tó ń jókòó ní ìgbìmọ̀ ìlú wọn, kèké ló ń yàn wọ́n lọ́dọọdún. (Kò sí obìnrin, kò sí ẹrú níbẹ̀, kí n má parọ́.)

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Lọ́dún 2015, ní Tamale, àríwá Gánà, wọ́n ṣà lára àwọn ará ìlú bí ẹni ṣẹ́ kèké, wọ́n lé ní 200. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jíròrò ọ̀rọ̀ omi, ìmọ́tótó àti oúnjẹ. Wọ́n gbọ́ àlàyé tibi-tire, wọ́n sì bi wọ́n ní èrò wọn kí wọ́n tó jíròrò àti lẹ́yìn rẹ̀.

Àtàn wa ńkọ́? Bí wọ́n bá pe ìpàdé lórí gọ́tà tàbí tiransifọ́mà, àwa kan náà ni: alága CDA, àwọn lándìlọ́ọ̀dù, èmi pásítọ̀. Ayálégbé tó ń ṣe náìtì ní ilé-iṣẹ́, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ, wọn kì í sí níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ń san owó tí a bá dá. Èmi gan-an ti nawọ́ sókè rí fún owó tí n kò bi ẹni tó máa san án.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, màá dábàá kí a kọ nọ́ńbà yàrá gbogbo, tonílé tayálégbé, sínú ike kan. Ká fa ogún. Ká gbọ́ tẹnu wọn ká tó dá iye kankan.