Kíka Àwọn Aláìníṣẹ́ Ní Ilẹ̀ Wa

Ní aiyé àwọn baba wa, kò sí ẹnití ńka àwọn aláìníṣẹ́ ní Àgọ́-Àmọ́dù, tàbí ní ìlú mìíràn ní Òkè-Ògùn. Àgbàdo inú àká àti isu oko ni a fi ńmọ̀ bí ọdún ti rí. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹnití ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, èyítí a tẹ̀ jáde ní 1921, ka iṣẹ́ àgbẹ̀, òwò, aṣọ híhun, irin yíyọ́ àti iṣẹ́ awọ mọ́ àwọn iṣẹ́ ilẹ̀ wa. Ọmọkùnrin a máa bá baba rẹ̀ lọ sí oko. Bí iṣẹ́ bá sì pọ̀ jù, àáró àti ọ̀wẹ̀ wà. Ẹnití ara rẹ̀ le tí kò sì ṣiṣẹ́, ọ̀lẹ ni a ńpè é.

Ní àwọn ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìà ti ńgba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni kíka yìí ti di ohun pàtàkì, nítorí ẹnití a bá lé kúrò níbi iṣẹ́ kò ní oko tí yóò padà sí. Ní 1911 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó fi owó ran àwọn òṣìṣẹ́ kan lọ́wọ́ nígbàtí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní 1933, nígbàtí òwò wó lulẹ̀ ní Amẹ́ríkà, a ṣírò rẹ̀ pé bí ẹnìkan nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni kò rí iṣẹ́ ṣe. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, iye àwọn aláìníṣẹ́ dàbí ìgbóná ara tí oníṣègùn ńwò: bí ó bá ga, àrùn wà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ti Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tí ńṣe ìṣirò kéde pé, ní oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́hìn ọdún 2020, nínú ọgọ́rùn-ún ènìà tí ńṣiṣẹ́ tàbí tí ńwá iṣẹ́, 33.3 ni kò níṣẹ́. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, iye náà di 4.1. Njẹ́ iṣẹ́ ha pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀ bí? Rárá o, òṣùwọ̀n ni a yí padà. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹnití kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀, aláìníṣẹ́ ni a kà á sí. Nínú ìkà ti ẹ̀hìn, gẹ́gẹ́bí ìlànà Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀ràn Iṣẹ́, ẹnití ó bá fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ fún owó tàbí èrè li ọ̀sẹ̀ náà, ó níṣẹ́. Obìnrin tí ńta gàrí mọ̀ pé, bí òun bá fi kóńgò kékeré rọ́pò ńlá, iye kóńgò yóò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n gàrí inú àpò kò lé.

Ẹ wo Àgọ́-Àmọ́dù, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-oòrùn Ṣakí. Àgbẹ̀ tí ó ńgbin isu kìkì fún jíjẹ ilé rẹ̀ kò sí nínú àwọn tí a kà pé ó níṣẹ́, gẹ́gẹ́bí ìlànà tí a fi ọwọ́ sí ní 2013, bí ọwọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ dilẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti jáde ilé-ìwé, tí ó fi alùpùpù gbé èrò fún wákàtí kan li ọjọ́ ọjà, ó wà nínú wọn, bí owó náà kò tilẹ̀ tó ra oúnjẹ alẹ́. Bẹ́ẹ̀ni ọ̀sẹ̀ tí a bá kà ní àkókò òjò kò lè bá ọ̀sẹ̀ inú ẹ̀ẹ̀rùn mu, nígbàtí ilẹ̀ ọ̀dàn wa bá gbẹ tí ọkọ́ sì sinmi.

A kò wí nítorí èyí pé kí a kẹ́gàn ìṣirò. Ohun tí a ńwí ni pé kí a máa bèrè nǹkan mẹ́ta: òṣùwọ̀n wo ni a fi kà á? wákàtí mélòó ni àwọn tí ó níṣẹ́ fi ṣiṣẹ́? kíni nwọ́n sì rí gbà? Nínú àwọn tí a kà pé ó níṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, 75.4 nínú ọgọ́rùn-ún li ó ńṣe iṣẹ́ ti ara wọn. Èrè wọn sì li ó lè sọ bí ara ilẹ̀ wa ti le tó.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe kọ iye ti 2020 àti ti 2023 sí ara pátákó kan náà láìsọ òṣùwọ̀n wọn. Bí ẹnìkan bá sì fi 4.1 yìí pe àwọn ọmọ wa tí kò rí iṣẹ́ gidi ní ọ̀lẹ, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ fi kóńgò rẹ̀ hàn yín.