Ifá, Fá, Afa, Iha: Ìrìnàjò Ọ̀rọ̀ Kékeré Kan

Ní Òkè Ìtasẹ̀, nígbà ọdún Ifá, àlejò tó bá tẹ́tí sílẹ̀ lè gbọ́ orúkọ kan náà ní ẹnu oríṣiríṣi. Ọmọ Yorùbá a máa pè é ní Ifá. Ará Abomey a ní Fá. Ẹni tó ti ilẹ̀ Éwè ní Tógò wá a ní Afa. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni ọ̀rọ̀ náà lédè Yorùbá, síbẹ̀ àríyànjiyàn orí rẹ̀ kò kéré, nítorí ẹni tó bá ń sọ ibi tí orúkọ ti wá, ó ń fẹ́ sọ ibi tí ẹni tó ń jẹ́ ẹ ti wá pẹ̀lú.

Ọ̀dọ̀ àwọn Fọ̀n ni ẹ̀rí ti hàn jù. Ìtàn wọn gbà pé láti ilẹ̀ Yorùbá ni Fá ti wọlé, àwọn kan a sì máa dárúkọ ìgbà Ọba Agaja, tó jọba ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún. Bernard Maupoil, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn Faransé tó tẹ ìwé ńlá jáde lórí Fá ní 1943, gba púpọ̀ nínú ìmọ̀ rẹ̀ lẹ́nu Gèdègbé, adífá Ọba Béhanzin. Ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ sí ìtàn, èdè ìbá jẹ́rìí. Gbe-Mɛji, Yɛku-Mɛji, Di-Mɛji àti Fu-Mɛji ni wọ́n ń pe Ogbè Méjì, Ọ̀yẹ̀kú Méjì, Òdí Méjì àti Òfún Méjì. Wè ni Fọ̀n ń pe eéjì bó bá ń ka nǹkan lọ́jà. Bó bá dé ìdí Fá, mɛji ni. Fáwẹ̀lì iwájú nìkan ni wọ́n gé sọnù: Ifá di Fá, Odù di Du.

Ọ̀ràn àwọn aládùúgbò ìlà-oòrùn kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Iha ni ní Ẹ̀dó, Afa ni ní Nri nílẹ̀ Ìgbò, Eba sì ni ti Nupe. Ọ̀sẹ́ wà láàrin orúkọ àmì mẹ́rìndínlógún Ẹ̀dó àti ti Nri, tí wọ́n ń pè ní Ose. Ẹni tó bá yára sọ pé Yorùbá ló fún gbogbo wọn ti sáré ju ẹ̀rí lọ. Ìbátan ni ó dájú. Ta ni ẹ̀gbọ́n, ta ni àbúrò, orúkọ nìkan kò lè sọ ọ́.

Àríyànjiyàn tó le jù ni ti Lárúbáwá. Àwọn kan ní inú fa'l, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá fún àmì ohun tó ń bọ̀, ni Ifá ti jáde. Òótọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kí babaláwo kankan sá fún: àwọn tó ń tẹ yanrìn lọ́nà Lárúbáwá ní àmì mẹ́rìndínlógún, tiwọn tó jẹ́ ẹyọ kan ní ìpele mẹ́rin bá Ogbè mu, èyí tó jẹ́ méjì-méjì sì bá Ọ̀yẹ̀kú mu. Ṣùgbọ́n ìjọra àmì ọ̀tọ̀, orísun orúkọ ọ̀tọ̀. Ẹ wo erékùṣù Madagascar. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti dé láti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá, wọ́n ń pè é ní sikidy, orúkọ àmì sì bá a dé: ṭarīq di tareky, jamāʿa di jama. Níbo ni irú rẹ̀ wà nínú Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì, Òdí? Kò sí.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, kọ ọ́ pé Sẹ̀tílù, afọ́jú ará Nupe, ló mú Ifá wá. Àwọn tó fẹ́ràn fa'l a máa di èyí mú bí afárá. Àmọ́ àwọn Nupe fúnra wọn ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: hati ni ti yanrìn, láti inú khaṭṭ ti Lárúbáwá, Eba ni ti okùn tí wọ́n ń jù sílẹ̀. Àwọn tó súnmọ́ Mùsùlùmí tó bẹ́ẹ̀ kò pe Eba ní fa'l.

Àwọn kan nílé so Ifá mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe fá. Ohùn rẹ̀ bára mu, bí ikú ti bá kú mu. Ìtumọ̀ ni kò tíì bára mu: fífá orí tàbí fífá ìkòkò jìnnà sí iṣẹ́ Ọ̀rúnmìlà, àlàyé tí a bá sì fi agbára so pọ̀ kì í pẹ́ já.

Ní òdìkejì òkun, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà rárá. Remigio Herrera, Adéṣinà, tó kú ní 1905, mú un dé Regla ní Kúbà. Martiniano Eliseu do Bonfim, tí a bí ní Bahia ní 1859, wá kẹ́kọ̀ọ́ ní Èkó kó tó padà sílé Brasil. Fáwẹ̀lì iwájú tí Fọ̀n gé sọnù, wọ́n gbé e kọjá òkun láìgé e. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ ní èdè Spéènì tàbí Potogí, wọ́n ń fi àmì kan sórí á. Àmì agbára ìpè ni lọ́dọ̀ tiwọn, kì í ṣe ti ohùn, ṣùgbọ́n orí fáwẹ̀lì tí ohùn òkè Yorùbá wà gan-an ló bọ́ sí.