Ohùn Ìsàlẹ̀ Nínú Ilé: Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì Dé Wúfà ní Port Harcourt

Ẹni tí ó bá wà ní àdúgbò kejì sí ibi tí ìlù ti ń dún kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ omele. Ohùn ìlù ńlá ni ó ń la ògiri kọjá wá bá a. Síbẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ yìí (kì í ṣe ti inú gírámà) ni ó pẹ́ jù lọ kí ẹ̀rọ tó lè gbé e wọ ilé àwọn ará Port Harcourt.

Ní 1935 ni rédíò olókùn wáyà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1939, àwọn ìlú mìíràn tẹ̀ lé e, Port Harcourt sì wà lára wọn. Àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì kékeré ni wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri. Ìròyìn ń dún ketekete nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlù ńlá kò lè jáde níbẹ̀, nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ ń fẹ́ kí sípíkà ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Rédíò kékeré tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò sàn jù ú lọ púpọ̀.

Nípa bẹ́ẹ̀, Rex Lawson méjì ni ó wà. Ọmọ Buguma ni, afunfèrè ni, ó sì ń kọrin ní èdè Kàlàbárì àti ní èdè mìíràn kí ìjàm̀bá ọkọ̀ tó pa á ní 1971. Lawson ti gbọ̀ngàn ijó ní ìlù àti báàsì tí ń dún ní àyà oníjó. Lawson ti inú rédíò kékeré ní ohùn àti fèrè nìkan. Rédíógírámù onípákó ńlá ni ó kọ́kọ́ mú àwọn méjèèjì súnmọ́ ara wọn díẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà bá ọ̀ràn yìí jà. Ní 1946, Paul Klipsch gbé sípíkà kan jáde tí a gbọ́dọ̀ fi sí igun yàrá, kí ògiri lè di ara ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni wúfà, àpótí tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ohùn ìsàlẹ̀ lọ, wọ pálọ̀.

Ṣùgbọ́n ríra wúfà kò tó. Ohùn tí ń gbọ̀n ní ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gùn ju mítà 8 lọ. Pálọ̀ tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Bí ó bá kọlu ògiri, yóò padà wá pàdé ara rẹ̀: níbì kan yóò wú, níbòmíràn yóò kú. Igun yàrá ni ó ti ń pariwo jù, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbé e síbẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo kọ́ ni orin. Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a gbé wúfà sórí àga ìjókòó ẹni, kí a fi orin tí a mọ̀ dunjú sí i, kí a sì máa rákò yí ẹsẹ̀ ògiri ká. Ibi tí a bá ti gbọ́ báàsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìwú láìkú, ni kí a gbé e sí. Lẹ́yìn náà, a ó yí bọ́tìnì rẹ̀ sí nǹkan bí 80, kí sípíkà yòókù máa mú ohùn tí ó ga ju ìyẹn lọ, a ó sì dín ohùn rẹ̀ kù títí etí kò fi ní mọ ibi tí ó wà.

Ní àwọn ilé Port Harcourt tí ògiri kan ṣoṣo pín ìdílé méjì níyà, ọ̀ràn mìíràn tún wà. Rédíò kékeré ìjọ́sí fún onílé ní Lawson láìsí ìlù. Wúfà òde òní ń fún aládùúgbò ní ìlù láìsí Lawson. Bí ó bá jìnnà sí ògiri àjọni, tí rọ́bà rírọ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀, yóò dín kù, bí kò tilẹ̀ ní tán.