Ta Ni Ẹlẹ́rìí Ẹ́ńjìnnì?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: "Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké." Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí, mo rò pé ẹni tí ó ń ra èké mọ̀ pé èké ni òun ń rà. Nísinsìnyí mo ti mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ra èké a máa rà á pẹ̀lú ìdánilójú, a sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á fún un.

Ìtàn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Ó lè ya ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu pé mo gbé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì wá sínú ìwé ẹgbẹ́ wa, níbi tí a ti sábà máa ń sọ̀rọ̀ ọba àti ogun. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn olùkọ́ wa nínú ìmọ̀ ìtàn ń tẹnu mọ́ ni pé kí a máa bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè mẹ́ta: Níbo ni o dúró sí? Báwo ni o ti pẹ́ tó níbẹ̀? Ta ni ó ń bọ́ ọ? Bí a bá lè bi arọ́kin ní irú ìbéèrè wọ̀nyí, kí ni ó dé tí a kì í fi bi ẹni tí ó ń yin ọkọ̀?

Tíṣà ni baba mi. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, tí owó rẹ̀ sì jáde lẹ́yìn ìdúró pípẹ́, ó pinnu láti fi ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tí yóò máa kó èrò, kí owó ilé-ìwé àwọn àbúrò mi lè máa ti inú rẹ̀ wá. Èmi ni ó ní kí n wádìí irú èyí tí ó yẹ, nítorí pé èmi ni ọmọ yunifásítì. Mo rí i nínú ìwé ìròyìn ọkọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pé irú ọkọ̀ kan báyìí dára púpọ̀: kì í pariwo, kì í mu epo jù, ó sì ti gba ẹ̀bùn. Mo kà á sí baba mi létí, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ti ń kà á, mo sì ń fi iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí i.

Mẹkáníìkì àdúgbò wa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó fi àkísà nu ọwọ́, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ra ọkọ̀ yìí. Mẹ́rin irú rẹ̀ ni mo ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láàárín ọdún kan. Ó ń jẹ ọ́ìlì."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, àwọn tí ó kọ ìwé yìí ti wa ọkọ̀ tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ."

Ó wò mí, kò dá mi lóhùn. A ra ọkọ̀ náà. Ní oṣù kọkànlá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nọ́ọ̀kù ní ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, pẹ̀lú èrò mẹ́rin nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìtàn irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí ó jẹ gbèsè tí ó ń wá ibi tí gbèsè náà ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì.

Ní ọdún 1967, ilé-iṣẹ́ NSU ní ìlú Neckarsulm gbé ọkọ̀ kan jáde tí ó ń jẹ́ Ro 80. Ìrísí rẹ̀ kò jọ ti ẹgbẹ́ rẹ̀ kankan lójú títì, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ìyanu tí ó tóbi jù. Nínú ẹ́ńjìnnì tí gbogbo wa mọ̀, písítìn ni ó ń lọ sókè sódò bí ọmọ odó. Nínú èyí tí Felix Wankel pilẹ̀ rẹ̀, irin onígun mẹ́ta ni ó ń yí po nínú ihò kan. Ní ṣóńṣó igun kọ̀ọ̀kan, irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí ó ń fara ha ògiri ihò náà bí ó ti ń yí, kí agbára iná inú rẹ̀ má baà jò dànù. Ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì náà dúró lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ yìí.

Àwọn akọ̀ròyìn ọkọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù dìbò, wọ́n sì fi Ro 80 ṣe Ọkọ̀ Ọdún fún 1968. Wọn kò purọ́. Ọkọ̀ náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ lóòótọ́. Kò gbọ̀n, kò sì kérora. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ti pẹ́ tó pẹ̀lú rẹ̀? Akọ̀ròyìn a máa gba ọkọ̀ tuntun lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, a wà á fún ọjọ́ mélòó kan, a sì dá a padà. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni ó bá ìyàwó pàdé. Kò bá a gbélé. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ rà á ni ó bá a gbélé. Òun ni ó ń wà á lọ sí ibi tí kò jìnnà, tí ó ń pa á, tí ó sì tún ń tan án kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná dáadáa. Irú lílò yìí gan-an ni ó ń jẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà jù lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni ó nílò ẹ́ńjìnnì mìíràn kí wọ́n tó rin 50,000 kìlómítà.

Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé bí awakọ̀ Ro 80 méjì bá pàdé lójú ọ̀nà, wọn kì í juwọ́ síra wọn lásán. Ìka ni wọ́n ń nà sókè, kí oníkálùkù lè fi iye ẹ́ńjìnnì tí òun ti pààrọ̀ han èkejì. Bóyá àwàdà ni, bóyá òótọ́ ni, ẹ̀rí tí ó wà nínú ìka wọ̀nyẹn ju ti ìwé ẹ̀bùn lọ.

NSU kò sá fún oníbàárà rẹ̀. Ó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ìnáwó náà sì wà lára ohun tí ó fọ́ ọ léegun. Ní 1969, ó bọ́ sábẹ́ Volkswagen, wọ́n sì pa á pọ̀ mọ́ Audi. Wọ́n tún irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà ṣe nígbà tí ó yá, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ̀ náà ti bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1977, gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe fi díẹ̀ ju 37,000 lọ.

Ohun tí ó dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé n kò rí òpùrọ́ kankan nínú rẹ̀ tí mo lè bú. Ilé-iṣẹ́ gba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbọ́, akọ̀ròyìn kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, oníbàárà sì ka ohun tí wọ́n kọ. Síbẹ̀, èké ni wọ́n tà, èké ni wọ́n rà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilẹ̀ Jámánì nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn Motor Trend fi Chevrolet Vega ṣe Ọkọ̀ Ọdún fún 1971, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ara alúmínọ́mù ni wọ́n fi ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀, láìfi irin líle tẹ́ inú ibi tí písítìn ti ń rìn. Kò pẹ́ tí àwọn tí ó rà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ooru àpọ̀jù àti ọ́ìlì tí ó ń jóná. Ọdún 1977 ni òun náà parí.

Ta ni ẹlẹ́rìí tí ó yẹ kí a pè nígbà náà? Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ẹ́ńjìnnì Wankel dé ilẹ̀ Japan. Ilé-iṣẹ́ Mazda ní Hiroshima gba àṣẹ láti ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Kenichi Yamamoto àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó kó jọ rí i pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń fa ìlà sí ara ògiri ihò, bí ẹni pé iwin kan fi èékánná họ ọ́. Wọ́n bá ìlà yìí jà fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó ta ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ní ẹ́ńjìnnì náà ní 1967. Nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọkọ̀ wọn ti dé Amẹ́ríkà, gbogbo ènìyàn sì ń yìn ín.

Ní California, ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ J. D. Power ti dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí kékeré sílẹ̀ ní 1968. Kò wa ọkọ̀ kankan wò. Ìwé ìbéèrè ni ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ti ra Mazda tí wọ́n sì ti ń lò ó. Ìyàwó rẹ̀, Julie, ni ó jókòó ti tábìlì nínú ilé wọn tí ó ń ka ìdáhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó ti ń kà wọ́n, ó rí i pé ẹ̀dùn kan náà ń padà wá: nínú ènìyàn márùn-ún tí ọkọ̀ wọn ti rìn jìnnà, ẹnì kan ní wàhálà òrùka kékeré kan nínú ẹ́ńjìnnì. Wall Street Journal gbé ìròyìn náà jáde, ó sì di ariwo. Obìnrin kan tí ó ń ka iye rí ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ amòye kò rí.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sùn lórí èyí náà. Nígbà tí orúkọ Power di ńlá, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó kí wọ́n lè fi ẹ̀bùn rẹ̀ polówó ọjà. Ìdí nìyí tí mo fi bọ̀wọ̀ fún Consumers Union, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1936. Ìwé wọn kì í gba ìpolówó, owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra ọkọ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò, wọ́n sì tún máa ń bi àwọn tí ó ń lo ọkọ̀ léèrè. Wọ́n ti dáhùn ìbéèrè kẹta kí a tó bi wọ́n.

Ẹlẹ́rìí mìíràn tún wà, ẹni tí ó wà nínú ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, Hyundai pe nǹkan bí 470,000 ọkọ̀ Sonata padà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní èérún irin ṣẹ́kù sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n ń ṣe é ní Alabama, ó lè dí ọ̀nà ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì sì lè kú lójú títì. Kim Gwang-ho, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ti ṣiṣẹ́ fún wọn ju 20 ọdún lọ, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sọ ọ́ nínú ilé, wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Ní 2016 ó kó ìwé lọ bá àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń bójú tó ààbò ojú ọ̀nà. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2017, Hyundai àti Kia pe ọkọ̀ tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ padà ní Amẹ́ríkà, àti èyí tí ó ju 170,000 lọ ní Korea fúnra rẹ̀. Ní 2020, wọ́n gbà láti san owó ìtanràn àti owó àtúnṣe ètò ààbò tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 210 mílíọ̀nù dọ́là. Ní 2021, àjọ náà fún Kim ní èyí tí ó ju 24 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé iye ènìyàn tí ó ti ra ọkọ̀ kí ọjọ́ kan ṣoṣo náà tó pé.

Mo tún padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa. Ṣé òun ni ó yẹ kí n gbà gbọ́ láìbéèrè? Rárá o. Ẹ̀rí tirẹ̀ náà ní àbùkù: ọkọ̀ tí ara rẹ̀ kò yá nìkan ni ó ń rí. Ó yẹ kí n bi í pé, mẹ́rin nínú mélòó? Ó yẹ kí n lọ sí gáréèjì, kí n bi àwọn awakọ̀ tí ó ń wa irú rẹ̀ léèrè, kí n sì ka ìdáhùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí Julie Power ti ṣe. Ìdajì ọjọ́ kan kò ní kọjá lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò bi í ní nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí, ìwé mi sì ń dán. Ohun tí mo fi dájọ́ nìyẹn.

Àbúrò mi obìnrin fi ọdún kan jókòó sílé nítorí ẹ́ńjìnnì náà. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ wálé, mo dọ̀bálẹ̀ fún baba mi, mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní, "Ìwé ni o kà. Ìwọ kọ́ ni o kọ ọ́."

Wọ́n sọ ọ́ láti fi tù mí nínú. Ṣùgbọ́n èmi tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn mọ̀ pé àwáwí kọ́ ni kíkà jẹ́ fún wa. Iṣẹ́ wa ni láti bi ìwé léèrè, pàápàá bí ẹnìkan bá jókòó tì wá tí ó fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tẹ̀lé ohun tí a bá kà sí i létí.